Etí Tí Mo Fi Sílẹ̀ ní Òsì

Etí ọ̀tún mi nìkan ló ń gbọ́ràn. Àwọn tó mọ iṣẹ́ mi máa ń rò pé àwàdà ni mo ń ṣe tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, nítorí orin ni mo ń kọ, orin tí kọ̀ǹpútà ń gbé ohùn rẹ̀ jáde, tí ohùn náà sì máa ń rìn láti apá òsì gbọ̀ngàn lọ sí apá ọ̀tún. Wọn á bi mí pé ta ló ń bá mi gbọ́ ti apá òsì. Mo máa ń fèsì pé ìlú Òsì ni wọ́n ti bí mi, Òsì náà ni mo fi etí òsì sílẹ̀ sí. Àwọn tó gbọ́ Yorùbá á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Mi ò sọ ìyókù fún ẹnikẹ́ni rí.

Bàbá mi ni atẹdùùrù ìjọ wa. Olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, ó sì ní oko iṣu àti àgbàdo lọ́nà Ìlọ́fà, ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀, dùùrù ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Dùùrù náà kò tóbi ju àpótí aṣọ ìyàwó lọ. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni wọ́n fi ń tẹ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, bí ẹni tó ń tẹ máṣíìnì ìránṣọ. Ikán jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan nígbà kan, bàbá mi sì fi igi ìrókò gbẹ́ òmíràn sí i. Èmi ni mo máa ń jókòó tì í, tí mo ń ṣí ìwé orin fún un. Bó bá ti mi orí báyìí, mo ti mọ̀ pé ó yá.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà tí ìjà ìjọ bẹ̀rẹ̀. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, a sì rò pé a ti bọ́ lọ́wọ́ ìjà. Àwọn kan ní kí àlùfáà wa máa lọ, wọ́n ní ó ń ṣe ojúsàájú. Àwọn kan ní kò níí lọ. Kí oṣù méjì tó pé, ọmọ ìyá méjì kò kí ara wọn mọ́ lójú ọ̀nà oko. Wọ́n sọ òkúta wọ fèrèsé ilé àlùfáà. Wọ́n lu ìyá àgbàlagbà kan lódò, wọ́n fọ́ ìkòkò rẹ̀ mọ́ ọn lórí. Nígbà tó yá, àwọn tó fẹ́ kí àlùfáà lọ kọ́ àgọ́ sẹ́yìn ọjà, wọ́n fi ìmọ̀ ọ̀pẹ bò ó, wọ́n ní ìjọ ni àwọn náà. Wọ́n ní bẹ́ńṣì níbẹ̀, wọ́n ní àgbélébùú. Dùùrù ni wọn ò ní.

Ọjọ́ ìsinmi kan nígbà ọyẹ́ ni wọ́n wá gbé e. A wà lórí orin tó ṣáájú ìwàásù. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ṣí, àwọn ọkùnrin bíi mẹ́wàá wọlé pẹ̀lú aṣọ oko lọ́rùn àti àdá lọ́wọ́. Ẹni tó ṣáájú wọn ni olórí àwọn olóhùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin. Bàbá mi ló kọ́ ọ lórin. Kò sí ọdún Kérésì tí kì í jẹun nílé wa.

Ó dúró lẹ́yìn bàbá mi, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde níbẹ̀. Àwọn bàbá wa ló fi orí ru nǹkan yìí láti Ìlọ́fà wá. A fẹ́ gbé e."

Bàbá mi kò yíjú. Ó ní, "Ẹsẹ kan ló kù."

"A ní kí ẹ dìde!"

"Jẹ́ n parí ẹsẹ kan tó kù, ìwọ náà mọ̀ pé a kì í dá orin dúró láàárín."

Ó mi orí sí mi. Mo ṣí ìwé. Ìgbà yẹn ni ẹnìkan gbé bẹ́ńṣì, ó sì là á mọ́ àlùfáà léjìká. Ìjọ dàrú. Àwọn obìnrin ń fa ọmọ wọn gba ojú fèrèsé. Mo rí ọkùnrin kan tó jẹ́ olùkọ́ ọjọ́ ìsinmi mi, ó jókòó sórí àyà ẹnìkejì, ó ń fi ìwé orin tó ní páálí líle gbá a lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ sì ti bo ẹ̀yìn ìwé náà. Àwọn mẹ́ta di orí dùùrù mú, wọ́n ń fà á. Bàbá mi na apá méjèèjì, ó dì mọ́ ọn bí ẹni dì mọ́ ìyàwó.

Mo rí àdá náà lókè. Mo rí i dáadáa, torí ẹ̀gbẹ́ mi ni olóhùn ìsàlẹ̀ tó gbé e sókè wà. Àdá náà wọ inú igi, ó há síbẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ kì í ṣe igbe bàbá mi. Àyà rẹ̀ ti ṣubú lé eyín dùùrù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń tẹ afẹ́fẹ́, gbogbo ohùn tó wà nínú àpótí yẹn sì dún lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀, gbogbo wọn. Ó dún títí afẹ́fẹ́ fi tán nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo tó gbọ́ igbe. Mo wo ilẹ̀, mo rí ìka mẹ́ta lórí ìwé orin tó ti já bọ́. Àtàǹpàkò àti ọmọńdinrín nìkan ló kù ní ọwọ́ òsì rẹ̀.

Ọlọ́pàá dé, wọ́n kó àwọn kan, wọ́n ti ilẹ̀kùn ìjọ pa. Olóhùn ìsàlẹ̀ ti sá gba inú igbó lọ. Àwọn àgbà ìlú ní kí wọ́n gbé dùùrù náà wá sílé wa títí ọ̀rọ̀ yóò fi lójú. Ọ̀rọ̀ náà kò lójú. Igun yàrá wa ló wà láti ọjọ́ yẹn, pẹ̀lú ojú ibi tí àdá ti là á.

Nígbà tí bàbá mi kúrò ní ọsibítù, ẹni tó padà wálé kì í ṣe ẹni tó jáde. Tẹ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ní báyìí, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún tó kù fún un bá gbogbo ayé wí. Ó lu àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ títí àwọn òbí fi wá fẹjọ́ sun ọ̀gá iléèwé. Ó lu ìyá mi nítorí iyọ̀ tó pọ̀ jù nínú ọbẹ̀, eyín iwájú ìyá mi sì bọ́ sínú àwo. Ìyá mi mú eyín náà, ó fi omi ṣàn án, ó wé e mọ́ etí ìró rẹ̀. Ó ní kí n jẹun kí oúnjẹ má tutù.

Bàbá mi ti kà á léèwọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan dùùrù. Ṣùgbọ́n tó bá ti lọ sóko, mo máa ń ká aṣọ orí rẹ̀, mo máa ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, mo ń wá ohùn tó dún lọ́jọ́ àdá yẹn. Mo fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mi ò rí i, ìka mi kò tó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò dá a padà láti oko. Mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nítorí òjò tó ń lu páànù. Ọwọ́ òsì mi nìkan ni mo fi ń tẹ̀, mo ń wá ohùn ìsàlẹ̀ orin kan. Mo ṣàdédé gbọ́ ohùn bàbá mi lẹ́yìn mi.

"Ta ló ní kí o fi ọwọ́ òsì kàn án?"

Mo yíjú sí i láti bẹ̀ ẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá etí òsì mi. Mi ò ṣubú lójú kan náà. Mo dúró bí igi, mo ń gbọ́ ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ga ju èyíkéyìí tí dùùrù ní lọ, lẹ́yìn náà ilẹ̀ wá gbé mi. Ẹ̀jẹ̀ àti omi ń jáde létí mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Dókítà tó yẹ̀ mí wò ní awọ inú etí náà, tí wọ́n ń pè ní ìlù etí, ti ya, kò sì ní í gbọ́ mọ́. Ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn wà níbẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kan, mo jí, kò sí níbẹ̀ mọ́. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Bàbá mi kò sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò lù mí mọ́ láti ọjọ́ náà. Àwọn yòókù ló ń lù.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ìlọ́fà nígbà náà. Ó wálé, ó bá òwú létí mi. Ó béèrè, ìyá mi sì sọ fún un. Ó dìde, ó lọ dúró sí iwájú yàrá bàbá wa, ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn, ó sì gbé ọwọ́ náà kúrò. Ọmọ wo ló máa na bàbá rẹ̀? Ó gbé kẹ̀kẹ́, ó padà lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, ó gbọ́ pé olóhùn ìsàlẹ̀ yẹn ti jáde níbi tó sá pamọ́ sí, pé ó ń ṣe àgbàṣe lọ́nà Odò-Ọwà. Ìgbà òjò ni, ọ̀nà yẹn ti di ẹrẹ̀. Ó bá a níbi tó ti ń ti kẹ̀kẹ́ tí iṣu wà lẹ́yìn rẹ̀. Sípánà ńlá tí wọ́n fi ń tú táyà lọ́rì ló mú dání. Ó lù ú lẹ́nu títí àgbọ̀n rẹ̀ fi dá sí méjì, ó dúró tì í títí àwọn èèyàn fi dé, ó wá bá wọn gbé e. Lẹ́yìn náà ló lọ fi ara rẹ̀ hàn ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Ní kóòtù, adájọ́ bi í pé, "Ó ti lé lọ́dún kan tí ọkùnrin yìí ti ṣe bàbá rẹ léṣe. Kí ló dé tó jẹ́ ìsinsìnyí ni o tó bínú?"

Ẹ̀gbọ́n mi wo ibi tí mo jókòó sí. Ó wo bàbá wa. Ó ní, "Mi ò ní àlàyé, Olúwa mi." Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ni wọ́n dá fún un. Nígbà tó jáde lẹ́wọ̀n ní Ìlọrin, kò wá sílé. Òkè Ọya ló gbà lọ, ó ń tún lọ́rì ṣe níbẹ̀, ó ń fi aṣọ ránṣẹ́ sí ìyá mi lọ́dọọdún.

Èmi kàwé. Mo lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, mo lọ sí yunifásítì, ẹ̀ka orin. Nígbà tí àwọn ọdún àádọ́rin ń lọ sópin, mo rí ìwé gbà láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i lókè òkun. Ọjọ́ tí mo fẹ́ máa lọ, mo dúró de ọkọ̀ ní gáréèjì Erùkú. Ọkùnrin kan ń di iṣu sí àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sápá kan.

Ó ní, "Ọmọ atẹdùùrù kọ́ ló ń wò mí yìí?" Ọ̀rọ̀ ń wọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀fọ́ gbígbóná wà lẹ́nu ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n láti ibi ohùn náà. Ohùn ìsàlẹ̀ yẹn ṣì wà lábẹ́ rẹ̀.

Mi ò kí i. Ó ń di iṣu rẹ̀ lọ. "Mo ti fẹ́ sọ fún ẹnìkan nínú yín. Dùùrù ni mo fẹ́ gé. Mo ní bí a ò bá níí ní i, kí ẹnikẹ́ni má ní i. Ọwọ́ ọ̀gá ló wọ abẹ́ àdá."

Mo ní, "Irọ́ lẹ pa. Ẹ̀gbẹ́ yín ni mo wà. Mo rí ojú yín."

Ó so ẹnu àpò náà. Ó wá ní, "Ó dáa. Mo rí ọwọ́ náà. Mo rí i, mi ò sì dá àdá dúró."

Ọ̀bẹ tó fi ń gé okùn wà lórí àpò láàárín wa. Mo wò ó. Ó rí i pé mo ń wò ó, kò sì gbé e kúrò. Mo ti mọ ibi tí mo máa fi ọ̀bẹ náà gún. Abẹ́ etí, níbi tí àgbọ̀n rẹ̀ ti dá. Dírẹ́bà fọn fèrè ọkọ̀. Mo gbé àpótí mi, mo wọ ọkọ̀.

Níbi tí mo lọ, kọ̀ǹpútà tí a ń lò gba odindi yàrá kan, wọ́n sì máa ń mú yàrá náà tutù ju ìta lọ. Wọn kì í tẹ nǹkan kan kí ohùn jáde. Nọ́ńbà lẹ máa kọ. Bí ohùn yóò ṣe ga tó, bí yóò ṣe pẹ́ tó, bí yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ àti bí yóò ṣe kú. Ẹ máa kó nọ́ńbà náà fún ẹ̀rọ, ẹ máa padà wá lọ́jọ́ kejì láti gbọ́ ohun tí kò gùn ju kí èèyàn sín lẹ́ẹ̀kan lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ ló sá kúrò níbẹ̀. Èmi kò sá. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí i pé etí kan tó. Ohun tí apá òsì ń sọ, mo lè kà á nínú nọ́ńbà bí mi ò tilẹ̀ lè gbọ́ ọ.

Olùkọ́ wa, obìnrin àgbàlagbà kan tí sìgá kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ní kí olúkúlùkù wa yan ohùn kan tí kò lè gbàgbé, kí ó sì fi nọ́ńbà nìkan tún un dá, láìgba ohùn sílẹ̀ láti ibikíbi. Ẹnìkan yan ọkọ̀ ojú irin. Ẹnìkan yan òjò. Mo yan ìgbátí.

Oṣù mẹ́jọ ló gbà mí. Ìgbátí kì í ṣe ohùn kan ṣoṣo. Atẹ́gùn àtẹ́lẹwọ́ ló kọ́kọ́ ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹran bá ẹran. Lẹ́yìn ìyẹn ni ohun tí ẹlòmíràn kò lè gbọ́, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ga. Mo fi gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Mo na ohun tí kò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan di ìṣẹ́jú méjìlá, tí àtẹ́lẹwọ́ náà fi ń bọ̀ wá díẹ̀díẹ̀ láti apá òsì, tí àwọn tó jókòó sì mọ̀ pé ó ń bọ̀, tí wọn ò lè yẹra. Nígbà tó bá bà wọ́n, gbogbo ohùn dùùrù yóò dún lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti rí ohùn náà nígbẹ̀yìn, nọ́ńbà kì í ní ìka. Lẹ́yìn rẹ̀, apá òsì yóò kú pátápátá títí orin yóò fi parí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e jáde ní gbọ̀ngàn, ọkùnrin kan dìde láàárín orin, ó pariwo pé èyí kì í ṣe orin, pé wọ́n ń lu òun ni. Ó ti ilẹ̀kùn gbàgà. Obìnrin kan ní iwájú fi ọwọ́ bo ojú. Nígbà tó parí, wọ́n pàtẹ́wọ́. Láti ibẹ̀ ni ìlú mìíràn ti ń pè mí, tí ilé iṣẹ́ rédíò ń ní kí n kọ tiwọn. Àwọn kan máa ń bi mí pé ìlù dà, ṣebí ilẹ̀ adúláwọ̀ ni mo ti wá. Mo máa ń sọ fún wọn pé ìlù tí mo ní ti ya. Ọdún mẹ́fà tí mo fi wà níbẹ̀, gbogbo orin tí mo kọ ló ní ẹni tí wọ́n ń lù nínú rẹ̀. Òun ni mo fi ń jẹun. Mo kọ̀wé sílé pé mo ń ṣe dáadáa.

Mo padà wálé láàárín àwọn ọdún ọgọ́rin, mo ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan. Mo gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan bọ̀, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Lásìkò àjíǹde, mo gbé e lọ sí Òsì. Kò sí iná, mo yá jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́ ará àdúgbò kan, a gbé e sẹ́yìn ilé. Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Orí rẹ̀ ti funfun. Dùùrù wà ní igun rẹ̀, aṣọ funfun lórí ẹ̀.

Ó ní, "Irú orin wo ni ẹ̀rọ ń kọ?"

Mi ò ti pinnu pé ìgbátí ni n ó fi hàn án. Mo ní kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rin nínú àpò. Ọwọ́ mi ló mú ti ìgbátí, mo sì kì í bọ rédíò alákásẹ́ẹ̀tì mi. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ oníka méjì lé orúnkún, ó sì gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí dùùrù dún, mo rí i tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gbéra lórí símẹ́ǹtì, tí wọ́n tún padà.

Kásẹ́ẹ̀tì tán. Ó ní, "Kí ni mo gbọ́ yẹn?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n, Bàbá."

Ó kọjú sí fèrèsé. Ó ní, "Kò pariwo tó bẹ́ẹ̀."

"Báwo lẹ ṣe mọ bó ṣe pariwo tó? Ṣé etí yín ni?"

"Ọwọ́ mi ni," bàbá mi wí. "Ọwọ́ náà wà níbẹ̀. Kò pariwo tó bẹ́ẹ̀."

Mi ò rántí bí mo ṣe dé ẹ̀yìnkùlé. Mo rántí ọmọ odó ìyá mi lọ́wọ́ mi, bó ṣe wúwo. Mo fà á wọ yàrá, mo gbé e sókè, mo sì sọ ọ́ lé dùùrù náà lórí. Igi ya. Mo tún gbé e. Eyín funfun ń ta kiri bí àgbàdo tí wọ́n ń yan. Bàbá mi ń pariwo orúkọ mi. Ó di apá mi mú pẹ̀lú ọwọ́ òsì yẹn, ìka méjèèjì ń wọ̀ mí lára bí ẹ̀mú, mo sì fi ìgbọ̀nwọ́ gbún un láyà. Ó ṣubú sínú àga. Mo gbún bàbá mi. Mo mọ̀ ọ́n nígbà tí mo ń ṣe é, mi ò sì dúró.

Ìyá mi sáré wọlé, èlùbọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́.

"Gbà á lọ́wọ́ rẹ̀!" bàbá mi kígbe. "Ọmọ rẹ ti ya wèrè!"

Ìyá mi wo dùùrù. Ó wò mí. Ó na ọwọ́. "Gbé e wá."

Mo gbé e fún un. Mo rò pé ó fẹ́ gbé e padà síta ni. Ó fi ìró rẹ̀ gbára dì, ó fẹ ẹsẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gúnyán, ó sì gbé ọmọ odó náà sókè ju bí mo ṣe gbé e lọ.

"Ti eyín mi nìyí," ló wí. Apá ibi tí àdá ti là tẹ́lẹ̀ pín sí méjì.

"Ti iyọ̀ nìyí."

Ó mí. "Ti ọmọ mi tó lọ sẹ́wọ̀n nìyí. Èyí ni ti etí."

Bàbá mi kò dìde nínú àga. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Ìyá mi fi ọmọ odó dúró lórí ilẹ̀, ó ń mí gulegule. Ó ní, "Ó tó. Ẹ kó igi yìí kúrò nílẹ̀, mo fẹ́ gún uyán." Ó lọ fọ ọmọ odó náà pẹ̀lú kànǹkàn, ó fi gún iyán, igi dùùrù ló sì fi dáná. Kò jó dáadáa. Òróró tí wọ́n fi kùn ún ń rùn, èéfín rẹ̀ bo gbogbo ilé. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó, a jẹ iyán náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti di ẹrù mi. Bàbá mi jáde pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ iléèwé, bíi méje, tí wọ́n ti gbó létí. Ó jù wọ́n sórí tábìlì. Mo ṣí ọ̀kan. Orin ni, orin tó fúnra rẹ̀ kọ, dó, ré, mí, ní ohùn mẹ́rin mẹ́rin. Gbogbo ọdún tó fi ń lù wá, ó ń kọ wọ́n. Kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni tíì gbọ́ rí, òun náà kò gbọ́ wọn.

"Ṣé ẹ̀rọ rẹ lè ka èyí?"

"Èmi ni n ó kà á fún un."

"Kà á, kí n gbọ́."

A ṣe é fún ọjọ́ mẹ́rin. Mo ń fi nọ́ńbà sí i, òun ń gbọ́, ó ń bú mi. Ó ní ó yá jù, pé èèyàn tó ní ẹ̀dọ̀fóró ló máa kọ ọ́. Ó ní ohùn kejì ń han bí ewúrẹ́. Mo ní tó bá jẹ́ ewúrẹ́ ni, òun ló kọ ewúrẹ́ sílẹ̀. Ìyá mi ń gbọ́ wa láti ìdí ààrò, kò dá sí i. Bàbá mi kò tọrọ àforíjì. Ohun tí mo kàn ṣàkíyèsí ni pé tó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, á dìde níbi tó jókòó sí lápá òsì mi, á gba ẹ̀yìn àga mi kọjá wá sí apá ọ̀tún, kó tó la ẹnu. Lọ́jọ́ kan, ó ṣe bẹ́ẹ̀ bí ìgbà ogún. Mi ò sọ fún un pé mo rí i.

A parí orin mẹ́rin. Ẹ̀karùn-ún la wà lórí rẹ̀ nígbà tí mo ní láti padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ní mò ń bọ̀ nígbà Kérésì. Bàbá mi kò rí Kérésì náà. Àwọn ìjọ méjèèjì jà lórí ẹni tí yóò sin ín. Wọ́n fa aṣọ ya lẹ́nu ibojì, wọ́n sì ju ẹnìkan sínú rẹ̀ kí òkú tó débẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó ti Òkè Ọya dé ló fà á jáde. Òun àti àwọn mẹkáníìkì ẹgbẹ́ rẹ̀ ló kó erùpẹ̀ bo bàbá wa, láìsí àlùfáà kankan níbẹ̀.

Ìwé orin bàbá mi wà lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ìka méjì ló fi di ìwé náà mú, ó sì ń yọ̀ lábẹ́ kálàmù. Ibì kan wà nínú orin karùn-ún tí mi ò mọ̀ bóyá fá ló kọ tàbí tí, torí lẹ́tà f àti t jọra lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti gbìyànjú ọ̀kan, mo ti gbìyànjú èkejì. Mi ò rí ẹni tí n ó bi. Mo fi méjèèjì sílẹ̀ kí wọ́n máa dún pọ̀. Ó burú létí. Àwọn tó gbọ́ orin máa ń ní kí n yọ ọ̀kan kúrò, mi ò sì tíì yọ ọ́.